Lẹ́yìn Ìjì Líle ní Houston: Bí A Ṣe Ń Gba Ìrànwọ́ Ìjọba Láì Bọ́ Sọ́wọ́ Oníjìbìtì

Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2024, ìjì líle Beryl gúnlẹ̀ sí ẹ̀bá Matagorda ní ìpínlẹ̀ Texas. Ìpele kìíní ni wọ́n kà á sí, èyí tó kéré jù lọ nínú ìpele márùn-ún tí wọ́n fi ń díwọ̀n irú ìjì bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ oníbàárà iléeṣẹ́ mànàmáná CenterPoint tó lé ní mílíọ̀nù 2 ló wà láìní iná ní Houston àti agbègbè rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn fún ọjọ́ mélòó kan nínú ooru oṣù Keje. Ọdún méje ṣáájú ìgbà náà, ìjì Harvey rọ òjò tó ju ínǹṣì 60 lọ sí Nederland tó wà ní ìlà-oòrùn Houston, ó sì da omi sínú ilé àìmọye ènìyàn láti Meyerland títí dé Katy. Ìjì méjèèjì kò jọra wọn, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló tẹ̀lé wọn: kí omi tó gbẹ tán lójú títì, àwọn kan ti ń kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé pẹ̀lú ìwé àdéhùn lọ́wọ́.

Gbogbo ìgbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ni àwọn aláṣẹ ìlú ń kìlọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Spanish, ti Vietnam àti ti Ṣáínà ni ìkìlọ̀ Káúńtì Harris sábà máa ń bá jáde. Àwọn Yorùbá sì pọ̀ ní Alief, Missouri City, Richmond àti Katy, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà tó wá bá ọmọ wọn tọ́jú ọmọ ló sábà máa ń wà nílé lọ́sàn-án nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn. Nítorí tiwọn, àti nítorí àwọn ọmọ tó máa ka ìtọ́sọ́nà yìí sí wọn létí, ni mo ṣe kọ ọ́.

Èrò mi ni pé títẹ̀lé ìgbésẹ̀ bó ṣe yẹ ṣe pàtàkì ju ìfura lọ. Ẹni tó ń fura sí gbogbo ènìyàn ṣì lè pàdánù owó rẹ̀ bí ó bá pe oníṣẹ́ òrùlé kó tó pe iléeṣẹ́ adójútòfò, tàbí bí ó bá kó ẹrù tó bàjẹ́ dànù kó tó ya fọ́tò rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ tẹ̀lé àwọn ìgbésẹ̀ yìí bí mo ṣe tò wọ́n.

Ṣáájú ohun gbogbo: ẹ mọ iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ ìjọba ni oníjìbìtì lè sọ fún pé ìjọba ló rán òun, kó sì gbà á gbọ́. Ní Texas, olórí káúńtì tí wọ́n ń pè ní County Judge ló ń darí ètò pàjáwìrì káúńtì rẹ̀, méyọ̀ sì ni ti ìlú. Àwọn méjèèjì ló ń kéde pé kí àwọn ènìyàn kúrò nílé, àwọn ló ń ṣí ibùdó ìsádi, àwọn ló sì ń ka ilé tó bàjẹ́. Gómìnà ló ń kéde àjálù fún gbogbo ìpínlẹ̀, òun náà ló sì ń kọ̀wé béèrè ìrànwọ́ lọ́dọ̀ ààrẹ. Bí ààrẹ bá kéde àjálù ńlá lábẹ́ òfin Stafford ti ọdún 1988, ìgbà náà ni FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjálù, lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìdílé kọ̀ọ̀kan lówó, kìkì ní àwọn káúńtì tí ìkéde náà bá dárúkọ. Ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó adójútòfò, Texas Department of Insurance tí wọ́n ń pè ní TDI, ló ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí iléeṣẹ́ adójútòfò bá rẹ́ jẹ. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ ló ń bá àwọn tó fowó lé ọjà lọ́nà àìtọ́ ṣẹjọ́.

Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú kó tó yẹ ilé wò, kó tó bá a kọ ìwé ìbéèrè, tàbí kó tó fi orúkọ rẹ̀ síwájú. Owó kan tó lè wáyé ni ti ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ọ́fíìsì ìlú tàbí ojúlé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni wọ́n ti ń san án. Ẹnikẹ́ni tó bá gba owó lẹ́nu ọ̀nà yín ní orúkọ ìjọba, olè ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dáàbò bo ara yín, kí ẹ sì ya fọ́tò kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Bí omi bá ti dé ibi tí wáyà iná wà, ẹ má wọ inú ilé náà títí oníṣẹ́ mànàmáná yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọjú síta. Mo mọ̀ pé àwa tí a dàgbà sí Èkó tàbí Ìbàdàn ti gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn fèrèsé rí tí ohunkóhun kò sì ṣe wá, ṣùgbọ́n ilé Amẹ́ríkà kì í gba afẹ́fẹ́ wọlé bí ilé wa ṣe ń gbà á, èéfín carbon monoxide kò sì ní òórùn tí ènìyàn lè fi mọ̀ pé ó ti wọlé.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ gbé fóònù. Ẹ ya fọ́tò ìta ilé láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ya òrùlé láti ilẹ̀ láì gùn ún, ẹ ya àmì ibi tí omi ga dé lára ògiri, kí ẹ sì gbé ohun kan tí gbogbo ènìyàn mọ gígùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àmì náà. Ẹ ya yàrá kọ̀ọ̀kan ní fídíò, kí ẹ máa sọ ọjọ́ tí ó jẹ́ àti ohun tí ẹ ń rí bí ẹ ṣe ń yà á. Ẹ ya nọ́ḿbà tó wà lẹ́yìn fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti tẹlifíṣọ̀n, torí ohun tí ẹ bá ní nọ́ḿbà rẹ̀ lọ́wọ́ ni kò rọrùn fún adójútòfò láti jiyàn lé lórí.

Èbu lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára ohun tó bá tutù láàárín wákàtí 24 sí 48, nítorí náà ẹ kò lè jókòó ti kápẹ́ẹ̀tì tó rin gbingbin títí aṣojú adójútòfò yóò fi dé. Ẹ gé díẹ̀ lára kápẹ́ẹ̀tì náà àti lára pátákó ògiri, kí ẹ fi í sínú ọ̀rá, kí ẹ kọ orúkọ yàrá tó ti wá sí i, kí ẹ sì kó ìyókù síta. Gbogbo rìsíìtì ẹ̀rọ ìfami, ilé ìtura àti ọṣẹ ìpa-èbu ni kí ẹ fi pamọ́.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹ wọ damage.tdem.texas.gov, níbi tí ìpínlẹ̀ Texas ti ń gba ìròyìn ìbàjẹ́ lọ́wọ́ ará ìlú. iSTAT ni wọ́n ń pe ètò náà, onílé àti ayálégbé ló sì lè kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fò ó torí pé kì í mú owó wá ní tààrà. Ẹ má fò ó. Iye ilé tó bá fara hàn níbẹ̀ wà lára ohun tí gómìnà fi ń fi hàn ààrẹ pé àjálù náà ju agbára ìpínlẹ̀ lọ, àdúgbò tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò bá sì sọ̀rọ̀ yóò dà bí èyí tí nǹkan kan kò ṣe. Àmọ́ o, kò rọ́pò adójútòfò, kò sì rọ́pò FEMA.

Ìgbésẹ̀ kejì: adójútòfò

Ẹ pe iléeṣẹ́ adójútòfò yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹ gba nọ́ḿbà ẹ̀sùn tí wọ́n ń pè ní claim number, ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn àti ọjọ́ tí ẹ bá a sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ohun tó máa ń ba àwọn ènìyàn lọ́kàn jẹ́ jù lọ níbí ni pé adójútòfò ilé lásán kì í san owó omíyalé. Èyí tó ń san án lọ́tọ̀ ni ti ètò ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1968, NFIP, tó lè san tó $250,000 lórí ilé gbígbé àti $100,000 lórí ẹrù inú rẹ̀, tó sì sábà máa ń gba ọjọ́ 30 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn tí a bá rà á. Ẹni tó bá rà á nígbà tí ìjì ti wà lójú ọ̀nà ti pẹ́ jù. Àwọn tó ń gbé ní etíkun bíi Galveston tún lè ní ti atẹ́gùn lọ́tọ̀, lọ́dọ̀ TWIA, ìyẹn Texas Windstorm Insurance Association. Nítorí náà, ẹ wo iye ìwé adójútòfò tí ẹ ní, kí ẹ sì fi ẹ̀sùn sun ìkọ̀ọ̀kan bí ó ti yẹ.

Ẹni tí iléeṣẹ́ yóò rán wá yẹ ilé wò ni wọ́n ń pè ní adjuster. Iléeṣẹ́ ló ń sanwó fún un, ẹ kò gbọ́dọ̀ fún un ní kọ́bọ̀. Irú kejì wà tí a mọ̀ sí public adjuster: ẹ̀yin lẹ máa gbà á síṣẹ́, yóò sì bá yín jà fún owó yín. Iṣẹ́ tó bófin mu ni, ṣùgbọ́n ní Texas ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ TDI, owó rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 10 nínú 100 owó tí adójútòfò bá san. Agbaṣẹ́ṣe tó fẹ́ tún òrùlé yín ṣe kò lè jẹ́ ẹni tó ń bá yín dúnàádúrà pẹ̀lú adójútòfò lórí òrùlé kan náà. Òfin kọ̀ ọ́. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ jókòó, òun yóò bá yín ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ẹ sì pe TDI ní 1-800-252-3439 láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí owó tí ẹ̀yin fúnra yín gbọ́dọ̀ san kí adójútòfò tó san tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní deductible. Oníṣẹ́ òrùlé yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, “Ẹ má dààmú lórí ìyẹn, a máa bá yín bò ó mọ́lẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, pàápàá lẹ́yìn tí ènìyàn ti pàdánù ohun púpọ̀. Àmọ́ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, òfin Texas ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí agbaṣẹ́ṣe dárí owó yìí ji onílé tàbí kó fi ọgbọ́n dá a padà fún un, iléeṣẹ́ adójútòfò sì lè béèrè ẹ̀rí pé ẹ san án. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú irọ́ tí ẹ jọ pa fún adójútòfò, ta ni yóò gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí òrùlé náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò?

Ìgbésẹ̀ kẹta: FEMA

Lára àwọn ọ̀nà tí ẹ lè gbà kọ orúkọ nìwọ̀nyí: ojúlé DisasterAssistance.gov, fóònù 1-800-621-3362, tàbí kí ẹ lọ sí ibùdó ìrànwọ́ tí FEMA bá ṣí ní àdúgbò yín. Bí ẹ bá pe fóònù, ẹ lè béèrè fún ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ 60 ni ẹ sábà máa ń ní láti ọjọ́ tí ààrẹ bá kéde àjálù náà. Ẹ mú nọ́ḿbà Social Security, àdírẹ́sì ilé tó bàjẹ́ àti ibi tí ẹ wà báyìí, iye owó tó ń wọlé fún ìdílé, ìwé adójútòfò, àti nọ́ḿbà àkáǹtì báǹkì tí owó yóò gbà wọlé. FEMA kì í san owó lórí ohun tí adójútòfò ti san, nítorí náà ìwé ìpinnu adójútòfò, yálà ó san tàbí kò san, jẹ́ ohun tí wọn yóò béèrè.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ orúkọ tán, wọn yóò fún yín ní nọ́ḿbà ìforúkọsílẹ̀ kan tó ní ẹyọ 9. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú nọ́ḿbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báǹkì, torí òun ni ẹ ó fi dá olóòótọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú. Ẹni tí FEMA bá rán wá yẹ ilé wò ti ní nọ́ḿbà náà lọ́wọ́ kó tó dé. Bí ó bá ní kí ẹ fún òun ní nọ́ḿbà yín, tàbí tó béèrè Social Security tàbí ọ̀rọ̀ báǹkì, ẹ ti ilẹ̀kùn. Káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò ló gbọ́dọ̀ fi hàn yín. Ẹ̀wù tàbí fìlà tí wọ́n kọ FEMA sí kì í ṣe ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ. FEMA kì í sì í yan agbaṣẹ́ṣe fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní agbaṣẹ́ṣe tí FEMA fọwọ́ sí ń purọ́.

Ìṣòro kan wà ní ìdàkejì. Ìpè ẹni tó fẹ́ wá yẹ ilé wò lè wá láti orí nọ́ḿbà tí ẹ kò mọ̀ rí, láti ìpínlẹ̀ mìíràn pàápàá, àwọn tó sì ti gbọ́ ìkìlọ̀ púpọ̀ kì í gbé e. Ẹ gbé e, ẹ gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ, ẹ má fún un ní ọ̀rọ̀ kankan, kí ẹ pa fóònù náà, kí ẹ sì fúnra yín pe 1-800-621-3362 láti bi wọ́n bóyá àwọn ló pè. Ẹni tó bá jẹ́ olóòótọ́ kò ní bínú sí èyí.

Nígbà tí ìjì Helene kọlu Florida àti North Carolina ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ariwo kan gba orí íntánẹ́ẹ̀tì pé owó $750 tí FEMA ń fún àwọn ènìyàn fún àìní kánjúkánjú jẹ́ gbèsè, pé ìjọba yóò gba ilé ẹni tí kò bá san án padà. Irọ́ ni. Owó ìrànwọ́ ni, a kì í dá a padà, FEMA sì ní láti jáde wá sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn tó gba irọ́ náà gbọ́ ni kò lọ béèrè ohun tó tọ́ sí wọn. Ohun tó jẹ́ gbèsè lóòótọ́ ni owó tí àjọ ìjọba àpapọ̀ Small Business Administration, SBA, ń yá àwọn ènìyàn pẹ̀lú èlé kékeré, tó lè tó $500,000 fún àtúnṣe ilé onílé àti $100,000 fún ẹrù àti ọkọ̀. Orúkọ àjọ náà jọ ti àwọn oníṣòwò nìkan, ṣùgbọ́n onílé àti ayálégbé náà lè yá lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn àjálù.

Ní ti ìwé ìgbé-ìlú, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní green card wà lára àwọn tó lè gba owó FEMA. Òbí tí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì lè béèrè ní orúkọ ọmọ rẹ̀ kékeré tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá jọ ń gbé ilé kan náà. Ìyá àgbà tó wá pẹ̀lú fisa ìbẹ̀wò kò lè béèrè owó náà fún ara rẹ̀, àmọ́ ibùdó ìsádi, oúnjẹ, omi àti ìtọ́jú pàjáwìrì wà fún un láìbéèrè ìwé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín láti fọwọ́ sí i pé ẹ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí nígbà tí ẹ kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìbúra ni, ó sì lè ba ọ̀ràn ìwọ̀lú yín jẹ́ títí ayé. Bí ó bá ní ohun tó ń kọ yín lóminú, ẹ rí agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú kí ẹ tó kọ orúkọ.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ láti ọ̀dọ̀ FEMA lè sọ pé wọn kò fọwọ́ sí ìbéèrè yín. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé kan ṣoṣo ló kù: ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ilé, tàbí lẹ́tà adójútòfò. Ọjọ́ 60 ni ẹ ní láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà náà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ fún òun ní ìdá kan nínú owó kí òun tó bá yín kọ ọ́ ń ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: agbaṣẹ́ṣe

Ibí ni owó ti ń sọnù jù lọ, ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ títí tó fi kàn wọ́n: ìpínlẹ̀ Texas kì í fún agbaṣẹ́ṣe ilé lápapọ̀ ní ìwé àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í fún oníṣẹ́ òrùlé. Ní Florida, ẹ lè wá orúkọ agbaṣẹ́ṣe lórí ojúlé ìjọba ìpínlẹ̀ kí ẹ sì rí i bóyá ó ní ìwé àṣẹ. Ní Texas, ẹni tó ra àkàbà àti ọkọ̀ akẹ́rù lánàá lè pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ òrùlé lónìí láì rú òfin kankan. Oníṣẹ́ mànàmáná, oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù àti oníṣẹ́ páìpù omi wà lára àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fún ní ìwé àṣẹ, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè tiwọn. Ti àwọn yòókù, ọwọ́ yín ni àyẹ̀wò wà.

Ẹ gba iye owó láti ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta, ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ béèrè àdírẹ́sì iléeṣẹ́ wọn, kí ẹ sì lọ wò ó fúnra yín. Ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n ní adójútòfò fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, kí ẹ sì pe iléeṣẹ́ tó fún wọn ní ìwé náà, torí ìwé náà rọrùn láti yí. Nọ́ḿbà ọkọ̀ wọn ṣe pàtàkì. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Òfin kan wà tó dára púpọ̀ tí àwọn oníjìbìtì kì í fẹ́ kí ẹ gbọ́. Nínú òfin ìṣòwò Texas, orí 58, agbaṣẹ́ṣe tó bá wá tún ilé ṣe lẹ́yìn àjálù tí wọ́n kéde kò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, owó tó bá sì ń gbà bí iṣẹ́ ṣe ń lọ kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n iṣẹ́ tó ti ṣe lọ. Àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀ ni àwọn tó ti ní ọ́fíìsì fún ó kéré tán ọdún kan ní káúńtì tí iṣẹ́ wà tàbí ní káúńtì tó bá a pààlà. Nítorí náà, ẹni tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn lọ́sẹ̀ tó kọjá tó ní kí ẹ san ìdajì fún rírà páànù kò ní ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ sọ fún un pé ẹ mọ orí 58, kí ẹ sì wo bí yóò ṣe yára tó láti padà sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, irú ohun èlò tí wọn yóò lò, ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọn yóò parí, àti ìgbà tí owó kọ̀ọ̀kan yóò jáde. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí àyè ṣófo wà nínú rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun lójú tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọn kò jẹ́ kí ẹ kà, bí wọ́n tilẹ̀ sọ pé ìwé àṣẹ láti gun òrùlé lásán ni. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ fi ti ọwọ́ bọ àdéhùn tí wọn kò mọ̀. Ẹ fi sọ́wédowó tàbí káàdì san owó. Kí ẹ tó san èyí tó kẹ́yìn, ẹ gba ìwé ìbúra tó fi hàn pé agbaṣẹ́ṣe ti sanwó fún gbogbo òṣìṣẹ́ àti ẹni tó ta ohun èlò fún un, nítorí ẹni tí kò bá rí owó rẹ̀ gbà lè gbé ẹ̀tọ́ gbèsè lé orí ilé yín.

Ó kù díẹ̀ tí kì í rọrùn láti sọ láàárín ara wa. Bí oníṣẹ́ náà bá jẹ́ ará ìjọ, tàbí ọmọ ìlú kan náà, ìtìjú máa ń mú wa fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe gbogbo rẹ̀. “Bọ̀dá wa kọ́ ni? Ìwé wo la tún fẹ́ kọ?” Ẹ kọ ọ́. Mo ti rí ọ̀rẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó di ọ̀tá lórí òrùlé tí kò sí ẹni tó mọ iye tí wọ́n fohùn sí gan-an, kò sì sí olè kankan níbẹ̀.

Ní agbègbè àgbàrá, ẹ bi ọ́fíìsì ìwé àṣẹ ìkọ́lé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí owó àtúnṣe bá tó ìdá 50 nínú 100 iye tí ilé náà tó kó tó bàjẹ́, ìlú lè ní kí ẹ gbé ilé náà ga, Houston sì ti mú òfin yìí le sí i ní ọdún 2018 lẹ́yìn Harvey. Agbaṣẹ́ṣe tó bá ní ìwé àṣẹ kò pọn dandan ń gbé ẹrù ìtanràn lé yín lórí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ayálégbé, ọjà àti ọkọ̀

Ayálégbé tí ilé rẹ̀ kò ṣeé gbé rárá mọ́ lẹ́yìn ìjì lè kọ̀wé fòpin sí àdéhùn rẹ̀ lábẹ́ òfin Texas, bí kì í bá ṣe òun ló fa ìbàjẹ́ náà. Onílé náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń wá ilé mìíràn, ẹ má fi owó ránṣẹ́ lórí Zelle fún ilé tí ẹ kò tíì wọ inú rẹ̀, bó ti wù kí fọ́tò rẹ̀ dára tó.

Bí gómìnà bá ti kéde àjálù, ó lòdì sí òfin kí ẹnikẹ́ni ta oúnjẹ, epo, oògùn, yàrá ilé ìtura tàbí ohun èlò ìkọ́lé ní iye tó burú jáì. Ìtanràn lè tó $10,000 lórí ìrúfin kọ̀ọ̀kan, ilé ẹjọ́ sì lè fi tó $250,000 lé e bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ bá ti pé ọdún 65. Ẹ ya fọ́tò iye owó náà àti rìsíìtì, kí ẹ sì pe ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ ní 1-800-621-0508.

Àwọn ọkọ̀ tí omi wọ̀ máa ń padà sórí ọjà lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ wọ́n tán, òmíràn nínú wọn sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó àti Kùtọnu. Ẹni tó ń ra ọkọ̀ níbí láti fi ránṣẹ́ sílé gbọ́dọ̀ fi VIN, nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó ní ẹyọ 17, wá a lórí ojúlé VINCheck ti NICB, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì adójútòfò, ọ̀fẹ́ ni, kó sì gbóòórùn abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà.

Bí wọ́n bá ti gba owó yín

Ẹ pe báǹkì yín lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó di ọjọ́ kejì, kí ẹ ní kí wọ́n dá owó náà dúró. Bí nọ́ḿbà Social Security bá ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, ẹ ti àkọsílẹ̀ ìyáwó yín pa lọ́dọ̀ Equifax, Experian àti TransUnion, iléeṣẹ́ mẹ́ta tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà, kò gba owó, kí ẹ sì tẹ̀lé ìlànà tó wà lórí IdentityTheft.gov. Bí FEMA bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí yín lórí ìbéèrè tí ẹ kò kọ, ẹnì kan ti lo orúkọ yín; ẹ pe FEMA kíákíá. Ẹ fi ẹjọ́ sun National Center for Disaster Fraud ní 866-720-5721, àjọ tí iléeṣẹ́ ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2005 lẹ́yìn ìjì Katrina, kí ẹ sì gba nọ́ḿbà ẹjọ́ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá àdúgbò. Ìtìjú kò gbọ́dọ̀ dá yín dúró níbí, torí ẹjọ́ mélòó kan tó dárúkọ ẹnì kan náà ni àwọn agbófinró fi ń mọ ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀.

Agbaṣẹ́ṣe tó gba owó tí kò ṣiṣẹ́, tí ẹ sì mọ ibi tó wà, ẹ lè pè é lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní Justice Court láì gba agbẹjọ́rò, bí owó náà kò bá ju $20,000 lọ. Bí owó tó ń wọlé fún yín kò bá pọ̀, Lone Star Legal Aid lè gbọ́ ẹjọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́. Fọ́tò, ìwé àdéhùn àti sọ́wédowó ni ẹ ó kó lọ síbẹ̀. Ní ti owó FEMA, ẹ fi rìsíìtì ohun tí ẹ fi ṣe pamọ́ fún ó kéré tán ọdún 3, nítorí wọ́n lè padà wá béèrè rẹ̀.